Ìbọn Àkọ́kọ́ àti Ohun tí ó Yẹ kí á Fi Kún Un

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà nípa aṣọ, òtítọ́ sì ni nípa ìwà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé ìdí ìbọn, ó yẹ kí á fi ara balẹ̀ wádìí irú ẹ̀ṣọ́ tí à ń wí. Ẹni tí ó bá ra ìbọn ọdẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ sábà máa ń ní ohun méjì lọ́wọ́: ìbọn tuntun, àti ìwọ̀nba owó tí ó kù. Bí ó bá ti ná owó tí ó kù yẹn ni yóò fi hàn bóyá yóò di ọdẹ tòótọ́, tàbí yóò kàn jẹ́ ẹni tí ó ní ìbọn nílé. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ni ó kàn wá nínú rẹ̀, èsì wa kò jìnnà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ti fi ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ilé pọ̀ lọ súà, ní Houston, ní Dallas, ní Atlanta àti ní ìlú mìíràn. Igbó àti pápá wà ní àyíká wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ehoro ń bẹ nínú rẹ̀. Ìbọn sì wà lórí àtẹ ní ilé ìtajà, tí ẹni tí òfin bá fi àyè gbà lè rà. Ọmọ tí ó ti ń gbọ́ ìjálá láti kékeré, tí ó sì mọ̀ pé ọdẹ ni bàbá bàbá òun ní Òkè Ògùn tàbí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò ní ṣàìfẹ́ gbìyànjú. Bí ó bá sì ti ra ìbọn náà tán, ìpolówó ọjà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ ọ́: ra èyí, yí tọ̀hún padà, fi èyí kún un. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti ń pín.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà fẹ́ lọ bí èéfín, ẹ jẹ́ kí á mú ìbọn kan ṣoṣo, kí á sì fi í ṣe àpẹẹrẹ. Ìbọn náà ni Ruger 10/22. Ní ọdún 1949 ni William B. Ruger àti Alexander Sturm dá ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní Southport ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ní ọdún 1964 ni ilé iṣẹ́ náà sì mú ìbọn yìí jáde. Èyí tí wọ́n ti tà nínú rẹ̀ láti ìgbà náà wá ju mílíọ̀nù 5 lọ, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ni ó jẹ́ pé òun ni ìbọn àkọ́kọ́ tí wọ́n dì mú. Mẹ́wàá tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀ ni iye ọta tí ilé ọta rẹ̀ ń gbà. 22 sì ni ìwọ̀n ọta náà, irú ọta tí a ti ń lò láti ọdún 1887. Ìbọn náà fúyẹ́, ó wọn nǹkan bí pọ́ùn 5. Ọ̀pá rẹ̀ sì gùn tó íńṣì 18½. Ráífù ni, èyí ni pé a gbẹ́ ìlà yípo sí inú ọ̀pá rẹ̀, ìlà yìí ni ó sì ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó nígbà tí ó bá ń jáde, kí ó lè lọ tààrà. Kò rí bí ṣakabùlà ilé wa, tí inú ọ̀pá rẹ̀ tẹ́jú, tí a sì ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu.

Ohun tí ó sọ ìbọn yìí di ààyò àwọn tí ó fẹ́ràn àyípadà ni ọ̀nà tí a gbà tò ó. Sùkúrù méjì péré ni ó fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ara irin rẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a kàn tì wọlé ni ó gbé ẹ̀rọ ìfà rẹ̀ ró, èyí tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún. Ẹni tí ó bá ní ohun èlò díẹ̀ lórí tábìlì lè tú u palẹ̀, kí ó sì tò ó padà ní ọ̀sán kan, láìké sí alágbẹ̀dẹ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn fi dìde, tí wọ́n ń ṣe ọ̀pá tuntun, igi ìdí ìbọn tuntun, ẹ̀rọ ìfà tuntun, awò àti onírúurú nǹkan fún un. Ó wá di pé ènìyàn lè yí gbogbo ara ìbọn náà padà, tí kò ní ku ohun kan nínú èyí tí ó rà níbẹ̀rẹ̀ àfi ara irin tí a tẹ nọ́ńbà sí. Owó àyípadà náà sì lè ju owó ìbọn fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta.

A kò sọ pé àyípadà burú. Ìkánjú ni à ń bá wí. Ẹni tí ó ra ìbọn ní ọjọ́ Ẹtì, tí ó sì ti yí ohun mẹ́rin padà lára rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú, kò mọ bí ìbọn náà ti rí kí ó tó fọwọ́ kàn án. Bí ọta rẹ̀ bá ń yà sọ́tùn-ún, kò ní mọ̀ bóyá awò ni ó fà á, tàbí ọ̀pá, tàbí èjìká òun fúnra rẹ̀. Ó dà bí oníṣègùn tí ó po ewé mẹ́wàá pọ̀ fún aláìsàn lẹ́ẹ̀kan náà; bí ara aláìsàn yá, bí kò sì yá, kò lè tọ́ka sí ewé tí ó ṣe é. Ìlànà tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ kò ṣòro. Kí á kọ́kọ́ lo ìbọn bí ó ti rí. Kí á mọ àléébù rẹ̀ ní ti gidi. Kí á tún àléébù kan ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí á sì yìn ín wò dáadáa kí á tó bọ́ sórí òmíràn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á rà kò tilẹ̀ sí lára ìbọn rárá. Àgádágodo ni, pẹ̀lú àpótí irin tí ó ṣeé tì. Ibí yìí ni òwe àwọn baba wa ti bá ọ̀rọ̀ mu: ẹ̀ṣọ́ ìbọn, ilé ni a ti ń kó o ròde. Ní ọdún 2020, ní ọdún 2021 àti ní ọdún 2022, ìbọn ni ó pa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jù lọ ní Amẹ́ríkà, láti ẹni ọdún 1 títí dé ẹni ọdún 19. Ó ju ìjàm̀bá ọkọ̀ lọ, ó sì ju àìsàn èyíkéyìí lọ. Àwọn tí ẹlòmíràn pa wà nínú wọn. Àwọn tí ó pa ara wọn wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé tí ó ń fi ìbọn ilé ṣeré tí ó sì dún mọ́ wọn lọ́wọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìbọn kékeré ni à ń pe 22, ṣùgbọ́n kò sí ìbọn tí ó kéré nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọta tí ó lè já ọ̀kẹ́rẹ́ bọ́ lórí igi lè pa ọmọ ènìyàn. Ọta kékeré náà sì lè rìn ju máìlì 1 lọ bí ohun kan kò bá dá a dúró. Kí ìbọn wà nínú àpótí tí a tì pa, láìsí ọta nínú rẹ̀. Kí ọta wà nínú àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, kì í ṣe lórí ìṣó ara ògiri níbi tí gbogbo ilé ti mọ̀. Bàbá tí ó bá ra awò olówó iyebíye kí ó tó ra àgádágodo ti fi ẹ̀yìn ṣe iwájú.

Ohun kejì ni ààbò fún ojú àti fún etí. Ìró 22 kò dún bí àrá, èyí gan-an ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ. Etí kì í ké gbàmí ní ọjọ́ tí à ń bà á jẹ́. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ènìyàn tó máa ń rí i pé òun kò gbọ́ ohùn ọmọ òun dáadáa mọ́, nígbà náà kò sì sí àtúnṣe. Ohun tí a fi ń bo etí àti awò ojú tí kò tètè fọ́ kò wọ́n rárá ní ẹ̀gbẹ́ ohun mìíràn tí wọ́n ń polówó. Kí á sì fi kún un pé òjé ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọta 22; nítorí náà, ẹni tí ó bá ti yìnbọn tán, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ohun kẹta ni ọta fúnra rẹ̀. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé a ka ọta mọ́ ohun tí a fi ń tún ìbọn ṣe, ṣùgbọ́n kò sí àyípadà kan tí ó rọrùn tó o, tí ó sì ń mú èrè wá tó o. Ìbọn 22 dà bí ọmọ tí ó mọ oúnjẹ tí ó bá òun lára mu. Ìbọn méjì tí ó jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà lè yàtọ̀ síra: ọta tí èyí fẹ́ràn, tọ̀hún lè kọ̀ ọ́. Kí ẹni tí ó ra ìbọn ra páálí kékeré kọ̀ọ̀kan nínú irú ọta mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kí ó gbé ìbọn lé orí àpò iyanrìn kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n, kí ó gbé ìwé tí a sàmì sí kọ́ ní yáàdì 50, kí ó sì yin ọta 5 ti irú kọ̀ọ̀kan sí ojú àmì tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó wọn bí àwọn ihò náà ti súnmọ́ra sí. Èyí tí ihò rẹ̀ bá súnmọ́ra jù lọ ni ìbọn náà yàn láàyò. Ó ṣeé ṣe kí ó rí i pé ìbọn tí òun rò pé ó ń fẹ́ ọ̀pá tuntun, oúnjẹ tí ó bá a lára mu ni kò tíì rí jẹ.

Lẹ́yìn èyí ni a tó dé orí awò. Ìbọn yìí ní ohun ìfojúsùn tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́: ìlẹ̀kẹ̀ kékeré aláwọ̀ wúrà kan wà ní ẹnu ọ̀pá, irin tí ó ṣeé sún tí a gé ní àárín sì wà lẹ́yìn. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tí ojú rẹ̀ bá mọ́ fi èyí kọ́ṣẹ́ ná. Bí ó bá ti mọ bí a ti ń dá èémí dúró díẹ̀, tí ó sì mọ bí a ti ń fa ìfà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìjá a gbà, nígbà náà ni kí ó lọ ra awò. Awò tí ó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 4 ti tó fún ẹni tí ó ń lé ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun méjì ni kí ó ṣọ́. Èkínní, kí awò náà jẹ́ èyí tí a ṣe fún ìbọn 22, tí a ti tò fún nǹkan bí yáàdì 50. Èyí tí a ṣe fún ìbọn ńlá ni a sábà máa ń tò fún yáàdì 100. Bí a bá lò ó fún ohun tí ó wà nítòsí, àmì inú rẹ̀ yóò máa yẹ̀ bí orí ẹni bá ti yẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì, kí ó so ó le dáadáa, nítorí pé awò olówó gọbọi tí sùkúrù rẹ̀ dẹ̀ kò sàn ju ojú lásán lọ.

Bí a bá ti so awò tán, iṣẹ́ kù. A óò máa yìn, a óò máa yí ohun ìtúnṣe awò náà díẹ̀díẹ̀, títí àmì àti ihò ọta yóò fi bá ara wọn pàdé ní yáàdì 50. Kí á má sì gbàgbé pé nígbà tí ọta náà bá fi dé yáàdì 100, yóò ti wálẹ̀ tó nǹkan bí íńṣì 6. Awò ń mú ẹran súnmọ́ ojú. Kì í mú un súnmọ́ ọta. Ẹni tí ó bá gbàgbé ìyàtọ̀ yìí yóò ṣá ẹran lọ́gbẹ́, ẹran náà yóò sì sá lọ kú lásán nínú igbó. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níyì kì í fẹ́ irú ìyẹn.

Ohun mẹ́ta mìíràn ni a gbà pé ó wúlò. Okùn awọ tí a fi ń gbé ìbọn kọ́ èjìká jẹ́ ọ̀kan, nítorí pé wákàtí tí ọdẹ fi ń rìn pọ̀ ju ìṣẹ́jú tí ó fi ń yìnbọn lọ. Èkejì ni igi ìdí ìbọn tí ó bá ara mu. Láti ìfà ìbọn yìí dé ìdí rẹ̀ tí a ń fi ti èjìká jẹ́ nǹkan bí íńṣì 13½. Ìwọ̀n yìí dára fún àgbàlagbà tí kò ga jù tí kò sì kúrú jù; ṣùgbọ́n ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń kọ́, tàbí obìnrin tí apá rẹ̀ kúrú, yóò máa na ọrùn kí ojú rẹ̀ tó bá àmì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò igi tí ó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹni tí apá rẹ̀ gùn ti lè fi rọ́bà kún ìdí tirẹ̀. Aṣọ tí a kò wọn mọ́ ara ẹni kì í báni mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbọn rí.

Ẹ̀kẹta ni okùn ìnu-ìbọn. Ohun tí a ń wí yìí kan ìbọn Ruger náà ní pàtàkì. Bí wọ́n ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ara irin rẹ̀ kò ní ihò tí a lè gbà ti ọ̀pá ìnu wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀pá nù ún gbọdọ̀ gba ẹnu wọlé, ọ̀pá irin yóò sì máa ha ẹnu ìbọn níbi tí ọta ti ń jáde. Ibẹ̀ ni ó pọn dandan kí ó pé jù lọ, nítorí pé bí ẹnu bá ti jẹ, ọta kò ní lọ tààrà mọ́. Okùn tí a ń gbà láti inú fà jáde sí ẹnu kò lè ṣe irú ìpalára yẹn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Kí á yọ ilé ọta kúrò, kí á sì fi ojú wo inú ìbọn pé ọta kankan kò kù níbẹ̀, kí okùn tó wọlé.

Ní ti ẹ̀rọ ìfà àti ọ̀pá tuntun, kí á ní sùúrù. Ìfà ìbọn yìí le díẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ó ń gba agbára tó nǹkan bí pọ́ùn 5 tàbí 6, kí ìka má baà fà á láìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọta kọ́ṣẹ́, tí ó sì rí i pé líle yìí ni ó ń mú ọwọ́ òun yẹ̀, lè ra ẹ̀rọ ìfà tí ilé iṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ ṣe, kí ó fi rọ́pò ti àtijọ́ lódindi. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sílé kí ó máa pọ́n irin inú rẹ̀ kí ó lè rọ̀. Ìbọn tí a bá pọ́n ìfà rẹ̀ kọjá àlà lè dún fúnra rẹ̀ bí ó bá já lulẹ̀. Ọ̀pá tuntun tí ó nípọn dára fún ẹni tí ó ń díje ní pápá ìyìnbọn, tí ó ń gbé ìbọn lé orí tábìlì. Ẹni tí yóò gbé e rìn nínú igbó láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán yóò rí i pé ẹrù ni òun fi owó rà. Ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kí ó má baà ta èjìká kò wúlò rárá, nítorí pé 22 kì í ta èjìká ọmọdé pàápàá. Àwọn ohun tí ó kàn ń mú kí ìbọn ọdẹ fi ara wé ti ológun kò pa ọ̀kẹ́rẹ́ kan rí.

Òfin wá ńkọ́? Níbí ni à ń bẹ àwọn ènìyàn wa tí ó wà lókè òkun pé kí wọ́n là etí wọn sílẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1934 sọ pé ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kò bá tó íńṣì 16 kì í ṣe ìbọn ọdẹ lásán mọ́. Ẹni tí ó bá gé ọ̀pá rẹ̀ kúrú láìgba àṣẹ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Òfin yìí kan náà ni ó de ohun tí ń pa ìró ìbọn. Owó orí 200 dọ́là tí a ń san lé e láti ọdún 1934 ti kúrò láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ kò kúrò, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì wà tí kò gbà á láyè rárá. Ní California, òfin kò gbà pé kí á ta ilé ọta tí ó ń gba ju ọta 10 lọ fún ará ìlú. Ní Texas, ẹni tí a bí ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọdọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ kí ó tó lè dá ṣe ọdẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì tọ́ lábẹ́ òfin níbẹ̀ kí á fi irú ọta 22 yìí pa àgbọ̀nrín.

Èyí tí ó tún wúwo jù ni ọ̀rọ̀ ìwé ìwọ̀lú. Ẹni tí kò ní ìwé, òfin Amẹ́ríkà kò gbà á láyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́. Ẹni tí ó sì wá pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àlejò, òun náà kò gbọdọ̀ ní in, àfi bí ó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí àpẹẹrẹ ẹni tí ìpínlẹ̀ ti fún ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí kò tíì kọjá ọjọ́. Ọmọ tí gbogbo ẹbí dá owó rán lọ sí ilé ìwé lè tìtorí ìbọn ọ̀rẹ́ tí ó dì mú ní pápá kan di ẹni ẹ̀wọ̀n àti ẹni tí a lé padà sílé. Kí ó béèrè lọ́wọ́ amòfin kí ó tó na ọwọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun lè kó ọ̀pá tàbí ẹ̀rọ ìfà sínú ẹrù fún àbúrò tí ó ń ṣọdẹ nílé. Òfin Ìbọn ti ilẹ̀ wa, èyí tí a ṣe ní ọdún 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí a kà léèwọ̀, bí ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́, èyí tí ẹnì kan lè ní bí ó bá gba ìwé àṣẹ, tí ráífù ọdẹ wà lára rẹ̀, àti èyí tí à ń ki láti ẹnu, bí ṣakabùlà. Òfin náà sì ka ẹ̀yà ara ìbọn mọ́ ìbọn. Ọ̀pá tí ó dá wà nínú àpótí ẹrù, láìsí igi, láìsí ọta, ìbọn ni lójú òfin. Ẹni tí ó rò pé ẹ̀bùn ni òun fi ránṣẹ́ lè rí i pé ẹjọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọdẹ tiwa, kí á sì fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Ṣakabùlà rẹ̀ kò ṣàìní ohun tí a so mọ́ ọn. Okùn wà lára rẹ̀, kí ọwọ́ lè ráyè di àdá mú. Ọ̀pá tí ó fi ń ki ìbọn wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé láìsí i ẹ̀tù kò lè jókòó. Ó ń fi awọ bo ibi tí iná ti ń ràn, kí ìrì àti òjò má baà ba ẹ̀tù jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọdẹ òru, iná kábáàdì wà ní iwájú orí rẹ̀ láyé àtijọ́, iná oníbátìrì sì ni lóde òní. Ẹ na ìka sí ohunkóhun lára wọn, yóò sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún yín. Kí ó tó di pé ó ní ìbọn tirẹ̀ rárá, ó ti gbé àpò tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ wọ igbó. Ó ti kọ́ bí a ti ń rìn, bí a ti ń dákẹ́, àti bí a ti ń mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹran kí á tó yìnbọn sí i. Ẹ̀kọ́ ni ó ṣáájú, ìbọn ni ó tẹ̀ lé e, ohun tí a so mọ́ ìbọn ni ó kẹ́yìn.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Owó mi ni, ó sì wù mí láti máa tú u kí n máa tò ó." A kò bá a jiyàn. Ìdùnnú wà nínú kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ohun ìní rẹ̀ ṣe, bí ọlọ́kọ̀ ti ń dùn láti kun ọkọ̀ rẹ̀, tí onílù sì ń dùn láti wé aṣọ mọ́ ìlù rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ti ìbọn rẹ̀ mọ́ àpótí, tí ó ti mọ òfin, tí ó sì lè fi ọta 5 bá ojú kan náà ní yáàdì 50, ẹ jẹ́ kí ó yí ohun tí ó wù ú padà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó ń wá. Ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni èyí tí ó rò pé ohun tí òun rà yóò ṣe iṣẹ́ tí òun kò kọ́. Onílù tí ó wé aṣọ olówó mọ́ ìlù tí kò mọ̀ ọ́n lù, ìgbà tí ó bá gbé ọ̀pá lé awọ ni ìlú yóò mọ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún ẹni tí ó ra ìbọn àkọ́kọ́ kò pọ̀. Kí ó ra àgádágodo lónìí. Kí ó ra ohun ìbo etí àti awò ojú lọ́la. Kí ó fi èyí tí ó bá kù nínú owó rẹ̀ ra ọta, kí ó sì lọ bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ ní pápá tí ìjọba fọwọ́ sí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ó jókòó kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Kí ni ìbọn yìí ṣe aláìní?" Ó lè jẹ́ pé ohun kan tàbí méjì péré ni yóò rí kọ sílẹ̀, owó wọn kò sì ní tó ìdajì ohun tí ìpolówó ọjà ìbá ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀.